Mo Gbé Ẹ̀bùn Ọ̀gá Lọ sí Ìkẹjà

Àkùkọ tí mo gbé dání ni ó kọ́kọ́ kọ ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Awakọ̀ wa yíjú padà, ó ní, "Tísà, ṣé èyí náà ń lọ sí Èkó ni? Yóò san owó ọkọ̀ o!" Mo fèsì pé abẹ́ ìjókòó mi ni yóò wà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni mo san fún ara mi; ẹ̀rín tí gbogbo èrò rín ni a fi san ti àkùkọ.

Ẹ̀yin ará ilé kò nílò àlàyé lórí ẹrù mi, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wa lè béèrè. Àkùkọ funfun kan, obì tí a fi ewé wé, àti aṣọ òfì kan tí a ká sínú àpò: ẹ̀bùn ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ bá kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí iṣẹ́ igi gbígbẹ́ tán, ọ̀gá rẹ̀ yóò mú un kúnlẹ̀, yóò gbàdúrà fún un, yóò fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, yóò sì sọ níṣojú ènìyàn pé òun tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹbí ọmọ kì í wá lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀gbọ́n mi, Làmídì, ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí ń ṣe abọ́ àti garawa oníke ní Ìkẹjà láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó ránṣẹ́ sílé pé òun yóò fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá wa, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò jẹ́ kí a sinmi. Ó ní, "Ẹni tó gba ọmọ mi sọ́dọ̀ títí irun fi funfun lórí rẹ̀, a ò ní fẹnu lásán kí i." Òun fúnra rẹ̀ ni ó ra òfì náà. Wọ́n kun yàrá ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì pe àwọn ààfáà fún àdúrà ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n rán mi: kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, kí n sì mú Làmídì wálé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ̀nà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kòtò pọ̀ débi pé àkùkọ náà ń bá wa fò; ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá Ìbàdàn, títì já gaara, mo sì sùn díẹ̀. Ní ìta Ìbàdàn ni mo ti jẹ ẹ̀kọ méjì àti mọ́ínmọ́ín kan, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ìdajì iye yẹn ni à ń jẹ ẹ́ nílé, ewé sì ni à ń fi wé mọ́ínmọ́ín tiwa, kì í ṣe ọ̀rá. Ní Bẹ́gà ni mo bọ́ sílẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìfàkọ̀-Ìjàyè, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi gba yàrá kan sí.

Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún mi ní ibùsùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹní fún ara rẹ̀ sílẹ̀, àtakò mi kò sì tu irun kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ẹrù náà hàn án, ó tẹjú mọ́ àkùkọ náà.

"Tísà, ta ni gbogbo èyí wà fún?"

"Ọ̀gá yín ni, Bùọ̀dá mi. Ìyá ló fi rán mi."

"Ọ̀gá wa kì í fẹ́ àlejò. Fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

Mo rò pé ìtìjú ọmọlúàbí ni. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ Jímọ̀, ó ti jáde láìjí mi. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà, mo wẹ ẹsẹ̀ àkùkọ, mo kó gbogbo ẹ̀bùn náà, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹjà.

Bí a ti ń lọ ni mo rí bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní apá ibẹ̀. Ní ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúró, wọ́n ń retí ẹni tí yóò nàka sí wọn pé, "Ìwọ, wọlé." Àwọn mìíràn jókòó lórí alùpùpù tí àpótí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń tẹjú mọ́ fóònù bóyá ẹnì kan yóò rán wọn níṣẹ́. Nílé, ẹni tí kò bá ríṣẹ́ ṣe lóòjọ́ ṣì ní oko bàbá rẹ̀ tí ó lè yà sí. Mo béèrè lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ pé ilé ńlá wo ni ó wà lápá ọ̀tún wa yẹn.

"Ilé aṣọ ni tẹ́lẹ̀, Bàbá. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ tó fi kọ́lé. Ilé àdúrà ti gba ààbọ̀ rẹ̀, wọ́n ń kó ẹrù ọjà sí ìyókù."

"Ìwọ ò wá ṣiṣẹ́ iléeṣẹ́ bíi ti bàbá rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ṣe é rí. Kẹ̀kẹ́ mi mọ orúkọ mi jù wọ́n lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi títí mo fi dé géètì iléeṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣọ́ ọ̀nà wo àkùkọ, ó wo fìlà mi, ó kí mi dáadáa.

"Bàbá, ta lẹ wá rí?"

"Ọ̀gá Làmídì ni. Òní ni ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ̀yìn tì, mo gbé ẹ̀bùn ọpẹ́ wá."

"Làmídì wo? Ti inú ni àbí ti ìta?"

Ó ṣàlàyé fún mi. "Ti inú" ni ẹni tí iléeṣẹ́ gbà tí ó ní ìwé. Tí ó bá ń lọ, wọn yóò ṣe ayẹyẹ fún un, wọn yóò sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. "Ti ìta" ni èyí tí wọ́n ń pè ní káṣúà, òṣìṣẹ́ tí a kò gbà, tí a kàn ń lò. Ó fóònù sínú. Obìnrin kan jáde wá láti ọ́fíìsì, ó sì fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò ní orúkọ yẹn lọ́dọ̀ wa. Kọngilá tó ń kó wọn wá ló ni wọ́n."

Kọngilá ni agbaṣẹ́ṣe. Mo béèrè ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n ní kò ní. Nọ́ńbà fóònù ni wọ́n fún mi. Mo pè é, mo kí i, mo sì sọ ohun tí mo bá wá.

"Ẹ̀bùn kẹ̀?" ni ohùn náà wí. "Bàbá, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n èmi kọ́. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ gbé e fún iléeṣẹ́." Ó sì pa fóònù rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu géètì ní, "Bàbá, tí kò bá sí ẹni tí yóò gbà á, ẹ fún mi. Èmi ni mo ń ṣí géètì fún wọn lárààárọ̀." Inú ń bí mi, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ fún mi ní ìta géètì yẹn. Bí oṣù mélòó kan bá ti kọjá, wọn yóò ní kí ẹni ti ìta jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pè é padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun. Báyìí ni ènìyàn ṣe ń di ẹni tuntun lọ́dọọdún títí yóò fi darúgbó. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ̀yìn tì. Kọngilá ni ó ní kó má wá mọ́, nítorí ó ti dàgbà. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ní ìlú wa ní ju èyí lọ, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò jẹ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ènìyàn. N kò dárúkọ iléeṣẹ́ náà, nítorí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń jẹun níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ṣíìfù àárọ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n wọṣẹ́ ní ìdájí, jáde. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi pẹ̀lú àkùkọ lábẹ́ apá, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló ní kóo wá síbí? Ṣé mi ò ní kóo fi í sílẹ̀ ni?"

"Bùọ̀dá mi, ẹ ò sọ fún wa. Gbogbo ọdún wọ̀nyí!"

"Kí n sọ kí ni? Pé wọn ò mọ̀ mí? Gbé àkùkọ rẹ, kóo máa lọ. Mi ò lọ sílé mọ́. Wọ́n kun yàrá, wọ́n pe ààfáà! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ìyá?"

Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo mọ̀ pé bí ó bá rìn lọ báyẹn, a kò ní rí i nílé mọ́ láéláé. Mo ti rí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí ìtìjú pa mọ́ sí Èkó títí wọ́n fi kú.

Ọkùnrin àgbà kan, ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣẹ́gun, ni ó dá a dúró. Òun ni olórí ṣíìfù wọn.

"Làmídì, kí ló dé tóo ń jágbe mọ́ àlejò? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kí ara yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè.

"Ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ta ló fà ọ́ lọ́wọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ fẹ́ gé ọ lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ti ìta ni èmi náà. Ṣùgbọ́n ṣé èmi kọ́ ni ọ̀gá rẹ ni? Tísà, ẹ gbé ẹ̀bùn mi wá! Ìjẹ̀bú kì í kọ ẹ̀bùn."

A kọjá sí òdìkejì títì, lábẹ́ àtíbàbà ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí wa ká pẹ̀lú àwo oúnjẹ wọn lọ́wọ́. Bàbá Ṣẹ́gun ní kí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ọkùnrin onírun funfun, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán.

Ẹnì kan kígbe pé, "Kúnlẹ̀ dáadáa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété! Ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ṣẹ́gun yọ ọ̀bẹ kékeré tí ó fi ń gé etí ike jáde lápò ara rẹ̀, ó fi í lé e lọ́wọ́. "Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ́ ọ. O ò jalè, o ò pa ẹ̀rọ run, o ò bá mi jà rí. Mo tú ọ sílẹ̀ lónìí. Ibi tí o bá fọwọ́ kàn, yóò gbà ọ́." Ó gbàdúrà ní orúkọ Jésù; ẹnì kan nínú wọn fi Fátíhà tì í; gbogbo wa ṣe àmín sí méjèèjì.

Ọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́, tó dúró lẹ́yìn, ní, "Èmi ńkọ́? Ta ni yóò tú èmi sílẹ̀?"

A pín obì. Bàbá Ṣẹ́gun da òfì bo èjìká lórí aṣọ iṣẹ́, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà pẹ̀lú àkùkọ lábẹ́ apá, ó sì juwọ́ sí wa bí ẹni tó joyè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni a wọkọ̀ padà. Ní Ọ̀yọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìpápánu fún àwọn ọmọ ilé. Èmi ń ronú pé mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrìn àjò yìí ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tí ń sanwó fún ènìyàn lè má jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ rárá. Mo bínú sí àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀gbọ́n mi báyìí, n kò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ mi pọ̀ ju ìbínú mi lọ, nítorí ó jókòó tì mí nínú ọkọ̀.

Ìyá wa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó gbá ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú, ó ń fọwọ́ tọ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Làmídì kò jẹ́ kó béèrè. Ó ní, "Ìyá, iléeṣẹ́ kò gbà mí o. Wọn ò mọ orúkọ mi. Kò sí owó kankan."

Ìyá kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀bùn tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ta ló gbà á?"

"Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni."

"Kí ló wá dé tóo ń bẹ̀rù?" ni ìyá wa wí. "Òun náà ni mo fi í ránṣẹ́ sí."