Kúlákì Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Tudun Wada, ní Sókótó níbí, èmi ni mo sọ obìnrin kan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn dídùn ni mo fẹ́ sọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ń bí mi sí àwọn àgbà ilé wa, ó sì ń bí mi sí ara mi.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Ará Ìlọrin, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀yọ́, ilé ìdáná kan ṣoṣo la jọ ń lò. Ààrò ìyá kọ̀ọ̀kan wà ní igun tirẹ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan sì mọ iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ ìyá kejì. Láàárọ̀, òórùn kòsáì gbígbóná, ìyẹn àkàrà àwọn Hausa, á máa ti ojú títì wọlé, àwa ọmọ á máa gbálẹ̀ pẹ̀lú oorun lójú, eruku ọyẹ́ á máa wọ̀ wá nímú. Bí o bá gbálẹ̀ tó ku ewé kan, wàá fi ẹsẹ̀ kan dúró, wàá na ọwọ́ méjèèjì sókè, títí ìyá rẹ yóò fi ro tùwó tán.

Ìyá Sínótù ló wà ní yàrá ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà. Sínótù ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Èéyi ti pa ọmọ náà kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ilé fi ń pe ìyá rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Àgbò méjì ni obìnrin yìí ń sìn de ọjà Iléyá. Ó ń ra hárawà, ìyẹn ewé ẹ̀wà gbígbẹ, fún wọn. Ó ń ra omi wọn lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke. Èmi gan-an ni mo máa ń bá a gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọlé, á sì fún mi ní dàbínò. Ó ní igi kúkúrú kan tó fi ń lé ewúrẹ́ onílé kúrò nídìí hárawà. Lọ́jọ́ tí mo jí ẹ̀pà rẹ̀ jẹ, igi yẹn bà mí lójúgun. Mo dì í sínú.

Bọ̀dá Lùkúmánù, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá láti Ọ̀yọ́, háyà yàrá kan lọ́dọ̀ wa. Ó ní ìwé ìtàn àròsọ kan tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù. Ìtàn ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni, nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba. Bí a bá ti kírun àlàásárì tán, á máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwa ọmọdé. Nínú ìwé náà, ìdílé márùn-ún ń lo ilé ìdáná kan ní ìlú ńlá, oníkálukú fi àgádágodo ti ìkòkò rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ilé wa lẹ ń kà yẹn!" Àwọn èèyàn tò fún búrẹ́dì nínú yìnyín, búrẹ́dì tán kó tó kàn wọ́n. Ní abúlé, kọmití ìjọba ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ní ti gbogbo wa ni gbogbo nǹkan. Àgbẹ̀ kan, Ìfáànì, ní màlúù méjì. Wọ́n pè é ní kúlákì. Wọ́n kó màlúù rẹ̀, wọ́n kó àlìkámà rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà òtútù lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Aládùúgbò tó ń mu wàrà màlúù yẹn ló júwe ibi tí Ìfáànì ri àlìkámà mọ́.

Bọ̀dá kò túmọ̀ kúlákì fún wa. Ó rò pé a mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ti gbọ́ Hausa kí a tó gbọ́ Yorùbá, kulki la gbọ́, ìyẹn kóńdó ọwọ́ mai gadi tó ń ṣọ́ ilé-ìwé wa. A ní, áà, kóńdó wà lọ́wọ́ Ìfáànì yìí, òun ló ń lu àwọn ará abúlé. Nígbà tí wọ́n kó màlúù rẹ̀, a pàtẹ́wọ́.

Bọ̀dá gba ìsinmi lọ sí Ọ̀yọ́ láìtíì parí ìtàn. Àwa bá parí ẹ̀ fúnra wa. A dá kọmití sílẹ̀. Èmi ni alága, torí èmi ni mo ní fèrè. Ta ló ní kóńdó nílé wa? Ojúgun mi dáhùn. A tò lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Sínótù. "Màmá Kúlákì! Ẹ mú àgbò jáde, ti gbogbo wa ni!" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀yin kọmití, ẹ wá jẹ dàbínò." A jẹ dàbínò rẹ̀ tán, a tún kígbe.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, eré ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ọwọ́ àwọn àgbà ilé wa kò tó àgbò. Bàbá Gàní, olórí ilé, kó wọn jọ sábẹ́ dóńgóyárò. Ó ní, "Wàláhì, ọmọdé ti rí ohun tí àgbà ò rí. Ilé kan náà la wà. Ẹnìkan ní àgbò méjì, àwa ò rí ìrù ewúrẹ́!" Wọ́n ní omi dúrọ́ọ̀mù gbogbo ilé ló ń fún àwọn àgbò náà mu, nítorí náà gbogbo ilé ló ni ọ̀kan.

Ìyá Sínótù nawọ́ sí mi. "Ẹ bi ọmọ yìí. Òun ló ń bá mi gbé omi tí mò ń rà."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo di fèrè ọrùn mi mú. Mo ní omi dúrọ́ọ̀mù ni.

Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ó dáa, alága."

Wọ́n pa àgbò náà lọ́jọ́ Iléyá. Òórùn ẹran díndín gba gbogbo ilé, ìyá mi fi ẹ̀dọ̀ sínú àwo mi, mo sì jẹ ẹ́. Bàbá Gàní, tó ń rí ọlọ́mọlanke olómi bó ṣe ń wọlé lójoojúmọ́, ló jẹ itan. Àwọn àgbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan dá wa dúró nítorí ewé kan! Ta ló fi ẹsẹ̀ kan dá wọn dúró?

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, Ìyá Sínótù kó ẹrù rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó so àgbò tó kù mọ́ ọn, ó lọ. A tẹ̀ lé e dé Kofar Rini, à ń pariwo "Mama Kulki!" Àwọn ọmọ Hausa tí kò mọ̀ ọ́n rí ń bá wa gbè é.

Nígbà tí Bọ̀dá Lùkúmánù dé, tó gbọ́, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé ẹlẹ́kóńdó ni kúlákì? Ẹni tó bá ṣáà ti jẹun yó ju aládùúgbò rẹ̀ lọ díẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kọmití ni kóńdó wà, ẹ̀yin òmùgọ̀ ọmọ!" Ó ka ìyókù fún wa. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó Ìfáànì àti ìdílé rẹ̀ lọ sí ibi tí òtútù ti ń pa ẹyẹ. Ọmọ tí wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀ kò débẹ̀. Màlúù náà kú sọ́wọ́ kọmití, torí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó rántí fún un lóúnjẹ. A ò pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ayé ti yí padà. Lónìí, oníkálukú ní gáàsì nínú yàrá rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ẹnìkejì, àwọn ọmọ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Gàní lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn nínú rédíò. "Ti gbogbo wa ni," wọ́n á ní. Ohun ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń sọ ọ́ sí, wọn kì í sọ ọ́ sí tiwọn.

Èmi ò kàwé lọ títí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń wà. Láìpẹ́ yìí, mo gbé ìyá arúgbó kan láti Kofar Rini lọ sí Gidan Igwai. Ní ìkòríta, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn kí i: "Sannu, Mama Kulki!" Ó dáhùn, "Yauwa," bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Mo wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Òun ni.

Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi. "Ọmọ wa ni ọ́? Ọmọ ta ni ọ́?" Mo ní ọmọ Ìlọrin ni mí, mo sì yí kẹ̀kẹ́ padà. Ó ń ṣàdúà fún mi lẹ́yìn.

Orúkọ nìkan ló kù fún un lára Sínótù, ẹnu wa ló wà, èmi ni mo sì lé ọmọ náà kúrò níbẹ̀. "Ìyá Sínótù" ni gbèsè tí mo jẹ obìnrin yìí, kí n pè é sókè ní ìkòríta yẹn, kí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbọ́. Mi ò tíì san án.