Ìbejì Tí A Kà sí Ẹnì Kan

Iṣẹ́ akọ̀wé ti sú mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò Yorùbá ní ìlú Bouaké, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ariwo. Àwọn ará ibí, tí wọ́n ń pè wá ní Anago, ní a fẹ́ràn ìpàdé ju oúnjẹ lọ. Wọn ò parọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ́ ìsọ̀ tuntun sẹ́bàá Grand Marché, ọjà ńlá ìlú yìí, wàhálà dé. Àwọn tó ń fẹ́ ìsọ̀ pọ̀ ju ìsọ̀ lọ, àwọn aláìnítìjú kan sì forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí Alájì alága wa bá yọ ará ìlú mìíràn, wọ́n á ní ojúsàájú ni. Bó bá yọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, wọ́n á ní ó da ará ilé rẹ̀. Ni ọmọbìnrin kan láàrin wa, tó kàwé Faransé dáadáa, bá ní ká jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn yẹ orúkọ wò, kó yọ àwọn elẹ́ẹ̀mejì. Alájì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ ò ní àna, kò sì ní ìyekan." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ká sòótọ́, inú mi dùn pé nǹkan mìíràn ni wọn yóò máa bú.

A ṣòfin sí i o, a kì í ṣe òmùgọ̀. Èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ ka ohun tí ẹ̀rọ bá kọ kó tó fìdí múlẹ̀: alága, èmi, àti ọmọbìnrin náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ti ìrìn àjò Marabadiassa dé ni ìwé náà kàn mí, tí ẹ̀yìn ń ro mí. Mo rí ọwọ́ alága nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní bí Alájì bá ti kà á, kí ni mo tún ń wá? Mo buwọ́ lù ú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé Alájì buwọ́ lù ú torí ó mọ̀ pé èmi yóò kà á. Ọmọbìnrin náà sì ní òun rò pé àgbà méjì kì í jọ ṣàṣìṣe.

A pín kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tán, èmi náà sì gba tèmi. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin aláṣọ kan láti àdúgbò Koko wá bá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìsọ̀ alága. Òun àti ìbejì rẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀: orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan, fóònù kan tí wọ́n jọ ń lò. Ẹ̀rọ ní ẹnì kan ṣoṣo ni, ó sì yọ èyí tó dé ayé kẹ́yìn, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa. Haà! Yorùbá wo ni kò mọ ìbejì? Ilé tó ń pàtẹ sí iwájú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wó, ìsọ̀ èkejì rẹ̀ ò sì gba ẹrù èèyàn méjì.

"Ta ló yọ mí?"

Alájì ní ẹ̀rọ ni.

"Ẹ pè é wá, kí n bá a sọ̀rọ̀."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ń wolẹ̀. Alájì tọ́ka sí mi, ó ní akọ̀wé ló ń rí sí ìwé.

"Bàbá Akọ̀wé, ṣé ẹ kà á?"

Mo lè sọ̀rọ̀ ìrìn àjò, mo lè sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro. Ojú tì mí gan-an. "N kò kà á. Mo kàn buwọ́ lù ú ni. Ẹ má bínú, ìyá."

"Mò ń bínú."

Mo fa kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tí wọ́n fún èmi lé e lọ́wọ́. Alájì ní kí n dúró, ká pèpàdé ná. Mo ní ìpàdé ti tó. Obìnrin náà gba kọ́kọ́rọ́, kò dúpẹ́, kò sì lọ.

"Ẹ kọ orúkọ mi sínú ìwé."

Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà, kó bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ.

Obìnrin náà ní, "Rárá o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́."

Ó dúró lé mi lórí títí mo fi kọ ọ́ tán. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì kà á látòkè délẹ̀.