Ẹ̀pà Ìyá Múrí àti Wáyà Tí Mo So Sódì

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí àyà mi lè balẹ̀: èmi ni mo so wáyà náà sódì. Kì í ṣe ọkọ́ Bàbá Múrí. Ọkọ́ kankan ò débẹ̀ rí. Èmi Ráfíù, tí mo fi sikuru-díráfà há etí bí ẹni tí Ọlọ́run dá iná mànàmáná lójú rẹ̀, èmi ni!

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi tó àpótí ẹrù ìyàwó ni. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìjọba kan ní Ṣakí níbi tí wọ́n ti ń pín irúgbìn àti ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìsẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbà mí. Wọ́n ní kí n ṣe oṣù mẹ́ta ná, kí àwọn fi wò mí.

Ọ́fíìsì wà lókè, nítòsí géètì. Sítóò tí irúgbìn wà nínú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn igi òrí. Àgbẹ̀ tó bá ti Ìwéré-Ilé tàbí Ijio wá, sítóò ni yóò kọ́kọ́ lọ. Wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sí bébà, ẹnì kan á gbé bébà rìn lọ sí ọ́fíìsì lọ bi kọ̀ǹpútà ní iye irúgbìn tó tọ́ sí i, á sì tún rìn padà. Àgbẹ̀ mìíràn á ti sùn sábẹ́ igi, á ti jí, á tún ti sùn, kí èsì tó dé! Ni wọ́n bá ní kí wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà kan sí sítóò, kó máa bá ìyá rẹ̀ tó wà lọ́fíìsì sọ̀rọ̀ nínú wáyà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kì í lè rìn jìnnà. Bí wáyà bá ti gùn ju yàrá mélòó kan lọ, ó ti rẹ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, èyí tó bá máa débẹ̀ ò ní yé ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé àpótí kékeré kan sí ìdí wáyà níhìn-ín, tí wọ́n á gbé òmíràn sí ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Módẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan á ké ọ̀rọ̀ náà sínú wáyà, èkejì á gbọ́ ọ, á sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ń pe ará oko tó wà lódìkejì odò.

Ẹ̀rù módẹ́ẹ̀mù bà mí bí ẹ̀rù ejò. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, bàtà òjò ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, nínú oòrùn! Bísímílà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo kà kí n tó fọwọ́ kàn án. Àpótí tí kò wúwo tó búrẹ́dì o.

Ṣùgbọ́n wáyà ti ṣáájú àpótí dé. Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ la ti gbẹ́ ilẹ̀ láti ọ́fíìsì dé sítóò, a tẹ́ wáyà sínú rẹ̀, a sì bò ó. Bàbá Múrí, tó ń ṣọ́ géètì, bá wa da yẹ̀pẹ̀ padà. Àgbà ni, ó ti ju bàbá mi lọ.

Ẹ mọ̀ wá ní Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tú, tí òjò kan ti pa, a kì í fi í sílẹ̀ lófìfo. Ó máa ń dùn wá lára ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo rí Bàbá Múrí lórí ìkúnlẹ̀, tó ń gbin ẹ̀pà sórí wáyà wa, láti géètì títí dé ìdí igi òrí, ìlà kan ṣoṣo, gbọnrangandan.

Kì í ṣe ẹ̀pà ọjà. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Múrí, ló tọ́jú irú ẹ̀pà náà sínú akèǹgbè lórí àjà, ẹ̀pà pupa kéékèèké kan tí ẹ ò lè rí rà mọ́. Ìyá náà kú nínú ọyẹ́. Akèǹgbè ṣì wà lókè. Bàbá sọ fún mi níbi tí a ti jọ ń jẹ iṣu sísun (ojoojúmọ́ ló ń dá iṣu rẹ̀ sí méjì fún mi, ẹ fi sọ́kàn o) pé òun fẹ́ máa rí i níwájú òun bí òun bá jókòó sí géètì. Ó ní gbogbo èyí tó kù nínú akèǹgbè lòun gbìn. Bí eléyìí bá bọ́, ó tán láyé nìyẹn.

Mo bi í pé kí ló dé tó ń fi ìka gbìn ín, ṣé kò lọ́kọ́ nílé ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ìyá Múrí ò gbà kí irin kan irúgbìn òun nígbà tó wà láyé, ṣé ìgbà tí kò sí níbẹ̀ láti bá òun jà lòun yóò wá máa dán an wò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìka yẹn.

Ẹ̀pà ti yọ òdòdó, ó pọ́n bí ìyeyè, nígbà tí módẹ́ẹ̀mù dé láti Ìbàdàn. Ẹnjiníà tó gbé e wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, òun sì ni ọ̀gá wa lórí iṣẹ́ náà. Kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó so tọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ó ní kí èmi lọ so ti sítóò. Ó na bébà kan sí mi. Àwòrán wà nínú rẹ̀: wáyà méjì tó gba orí ara wọn kọjá bí àlùmọ́gàjí tó la ẹnu.

Mo wò ó. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní ọwọ́ ẹni tó ya á ló gbọ̀n! Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìsẹ́yìn, pupa ń lọ sọ́dọ̀ pupa, dúdú ń lọ sọ́dọ̀ dúdú. Ibi tí Ẹnjiníà so pupa mọ́ lọ́fíìsì ni èmi náà so pupa mọ́ ní sítóò. Mo wá fi bébà di àkàrà mi.

A tan iná. Ojú kọ̀ǹpútà ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀ wá láti ọ́fíìsì. Ó bi mí bóyá bó ṣe wà nínú bébà ni mo ṣe so ó. Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta mi ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi sì wà nínú oyún àkọ́kọ́. Ẹnu mi kàn ṣí fúnra rẹ̀ ni, mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Á jẹ́ pé wáyà ti já nínú ilẹ̀, Madam. Ọkọ́ ni yóò ti gé e."

Ẹnjiníà yíjú. Ó rí ìlà ẹ̀pà.

"Bàbá! Ta ló ní kí ẹ gbin ẹ̀pà sórí wáyà ìjọba?"

"Ìyá mi, ilẹ̀ tí wọ́n ti tú, tí òjò ti pa. Kí ni ǹ bá gbìn sí i, òkúta?"

"Ọkọ́ yín ti gé wáyà wa."

"Ọkọ́ ò débẹ̀ o. Ìka yìí ni mo fi gbìn ín, ìka náà ni mo fi tu koríko rẹ̀. Ráfíù wà níbẹ̀."

Ẹnjiníà wò mí. Bàbá wò mí. Èmi wo bàtà òjò mi.

"Ráfíù, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mi ò... mi ò fi bẹ́ẹ̀ rántí, Madam."

Ẹ má ì tíì bú mi, ó ṣì kù.

Ẹnjiníà ní kí Bàbá hú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n rí ibi tó já. Ó ní tí ojú ọkọ́ bá wà lára wáyà náà, kí Bàbá má wulẹ̀ wá sí géètì mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó padà sí ọ́fíìsì.

Bàbá ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ ní ìdí géètì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka walẹ̀. Bó bá kan ìdí ẹ̀pà kan, á bu ún pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, á gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, rọra, bí ẹni gbé ọmọ kúrò nínú omi ìwẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé e, kí n máa yẹ wáyà wò. Mo wá ń ka ìdí ẹ̀pà. Ogún, wáyà ò já. Ogójì, wáyà ò já. Ìdí ọgọ́ta la dé nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Mo ní mo fẹ́ lọ jẹun. Ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dá iṣu sí méjì fún mi.

Mo jókòó sí sítóò, mo tú àkàrà. Epo ti mu bébà náà dé inú, ìlà tó wà lára rẹ̀ wá hàn gedegbe. Mo ń jẹ, mo ń wò ó. Ibi tí àpótí ọ́fíìsì ti ń sọ̀rọ̀, ọfà kan gbéra níbẹ̀, ó dábùú bébà, ó lọ síbi tí àpótí sítóò ti ń gbọ́ràn. Èyí tó ń bọ̀ náà dábùú rẹ̀.

Háà! Ẹnu ló yẹ kó kọjú sí etí. Èmi so ẹnu mọ́ ẹnu, mo so etí mọ́ etí! Láti àárọ̀, ẹ̀rọ méjì ń kígbe mọ́ra wọn lẹ́nu, kò sí èyí tó ń gbọ́.

Mo gbé àkàrà tó kù sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sáré jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ńkọ́? Mo jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí. Mo ronú pé tí mo bá rọra pààrọ̀ rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́, wọn á rò pé Bàbá ti rí ibi tó já, ariwo á tán, iṣẹ́ mi á sì wà lọ́wọ́ mi. Ọgbọ́n ojo nìyẹn, mo gbọ́n ọn dáadáa. Mo yọ sikuru-díráfà létí, mo gbé pupa lọ síbi dúdú, mo gbé dúdú lọ síbi pupa. Iná wẹ́wẹ́ ara àpótí tàn. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí èèrà tó ń jáde nínú ihò.

Kí n tó dé ìta, Ẹnjiníà ti jáde lọ́fíìsì pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó ti ṣiṣẹ́! Bàbá, níbo lẹ ti rí i tó já?"

"Kò tíì sí ibi tó já o," ni Bàbá wí láti ilẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹnjiníà. "Ẹ má parọ́ fún mi, Bàbá. Ẹ ti rí i, ẹ sì ti so ó pọ̀ kí n má baà mọ̀. Àgbà bíi tiyín!"

Mo rò pé Bàbá yóò bínú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wáyà sókè nínú kòtò, ó fi etí dàǹṣíkí rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. "Ẹ wá wò ó, Ìyá mi, láti géètì dé ibi tí mo dé. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ò tó lọ́dọ̀ yín. Ìdí rẹ̀ tí mo fi ní kí ọwọ́ mi bá yín sọ ọ́ nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. "Èmi ni, Madam." Mo na bébà elépo sí i. Mo ní wáyà ò já rí, mo ní mo so ó sódì, mo ní mo rí Bàbá nígbà tó ń fi ìka gbìn ín, ó sì yé mi yékéyéké. Ẹnjiníà fi ìka méjì gbá bébà mú, ó wo àwòrán inú rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Lọ kó ẹrù rẹ."

Mo padà ka àwọn ẹ̀pà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Láti ìgbà tí mo ti rí àṣìṣe mi nínú epo àkàrà títí di ìgbà tí mo lanu, ìdí mọ́kàndínlógójì ni Bàbá tún hú. Mọ́kàndínlógójì! Àṣìṣe wáyà, mo lè dárí rẹ̀ ji ara mi, ta ni kì í ṣì í? Mọ́kàndínlógójì yẹn ni mi ò tíì gbàgbé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn, kò sì pọ̀: bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀pà ṣì wà nílẹ̀.

Nínú èyí tí a hú, díẹ̀ yè. Èyí tí a ò tíì fọwọ́ kàn ló pọ̀ jù, ó so, a sì jọ tú u. Akèǹgbè kan wà lórí àjà mi bí mo ṣe ń kọ èyí, tí àwọn ọmọ mi ò gbọdọ̀ fi irin kan ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti jìyà àṣìṣe yín rí nígbà tí ẹ dákẹ́? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni ojú ń tì. Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo ń kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ óò fẹ́ mọ bí mo ṣe wà níbi iṣẹ́ náà títí tí a fi tú ẹ̀pà. Mo ti yíjú láti lọ kó ẹrù mi, bàtà òjò mi ń dún pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀, nígbà tí Bàbá Múrí pe Ẹnjiníà. Kò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, yẹ̀pẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀, kò sì wojú mi.

"Ìyá mi," ló wí, "oòrùn ti ń pa ẹ̀pà yìí, gbòǹgbò rẹ̀ wà níta. Bí ẹ bá lé e lọ, ta ni yóò bá mi bò ó?"