Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Bàbá Mi Kọ́lé fún Ẹja

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ mi, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ọ̀gá bàbá mi níbi iṣẹ́ ìjọba kọ́lé fún ẹja.

Ó gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó bá rì sókun a máa di ilé ẹja. Àbújá kò sì lókun, ló bá ní kí wọ́n ri ògbólógbòó ọkọ̀ kan bọ inú adágún. Bàbá mi mú mi dání láti ilé wa ní Galadimawa.

Wọ́n ti dá ihò sí ìdí ọkọ̀ náà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní inú rẹ̀ lòun ó ti sọ̀rọ̀, kí fọ́tò lè dára. Ó kí alága, ó kí ìyàwó alága. Omi dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó kí àwọn ọba lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi dé orúnkún.

Bàbá mi pariwo: "Ọ̀gá, ẹ jáde, sà!"

Ọ̀gá dáhùn: "Kai! Mi ò tíì kí àwọn oníròyìn!"

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti rì. Àwọn apẹja ló wọ́ ọ̀gá jáde tòun ti agbádá. Fìlà rẹ̀ kò jáde ní tirẹ̀. Ẹja ti rí ibùsùn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tí iṣẹ́ ìjọba parí ṣáájú ọ̀rọ̀ sísọ.