Àwo Tó Wà ní Ipò Kìn-ín-ní

Tí o bá dé ìlú Ṣàngó, tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti apá ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ wà, òórùn ike tó ń yọ́ ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ kì í fura sí i mọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí òórùn yẹn bá ṣèèṣì wọ imú mi, màá fẹ́ sá pamọ́ bí ọmọ tí tíṣà ní kó jáde wá jẹgba. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

O mọ̀ mí sí ẹni tó fẹ́ràn orin. Nígbà yẹn, àìsàn ni. Ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń yọ lọ́tùn-ún lósì lójú ọ̀nà Ìdíròkò, èmi náà sì jókòó sílé, mò ń retí ìwé ìgbaniwọlé. Ohun tí mo fi ń pa ọjọ́ ni ìwé kan tí mo máa ń to orin ọdún sí, láti ipò kìn-ín-ní dé ìkẹwàá. Kì í ṣe ti àwọn olórúkọ ńlá o. Ti àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ni, àwọn tó ń fi owó ara wọn gbohùn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn tà á lábẹ́ bíríìjì. Òfin mi ni pé orin kankan kò gbọdọ̀ wọ ìwé yẹn àfi tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀meje, nílé, lórí ẹ̀rọ tèmi. Ta ló fi mí jẹ adájọ́? Má bi mí.

Lọ́dún yẹn, ọkùnrin kan tó yá yàrá ẹ̀yìn ilé wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ike, gba orin mẹ́fà sílẹ̀ ní Ijoko. Kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi gbà á jóná kí wọ́n tó dà á kọ lẹ́ẹ̀kejì, sídíì kan ṣoṣo ló sì kù láyé. Ó ní kí n wá gbọ́ ọ ní yàrá òun. Mo ní rárá, òfin ni òfin. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu sídíì náà, ó sì nà án sí mi.

“Àbúrò, bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Ẹ̀mí mi ló wà ńbẹ̀.”

Orin kẹta dá lórí ìyá tó máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nídìí ìkòkò de ọmọ tó pẹ́ níbi iṣẹ́. Kí n tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ti kọ ọ́ sí ipò kìn-ín-ní. Èmi tí mo ṣòfin ni mo kọ́kọ́ rú u.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wa ní kí gbogbo ọ̀dọ́ kó orin ayé wọn wá lọ́sàn-án, kí a dáná sun ún. Ọwọ́ òfo ni mo gbé lọ. Bí mo ṣe jókòó ni mo rí báàgì aláwọ̀ búlúù tí mo ń kó sídíì sí nínú agbọ̀n níwájú. Màmá mi ti bá mi kó gbogbo rẹ̀ wá, àti ti ọkùnrin yẹn! Wọ́n wà láàárín àwọn ìyá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Pásítọ̀ wa ló máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí ìwà tí màá mú lọ sí yunifásítì, màmá mi sì rò pé ọ̀nà mi làwọn ń tún ṣe.

Háà, ẹ̀rù bà mí! Kò ju kí n dìde, kí n rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí n sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe tèmi.” Mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi nígbà ogún. Bí mo bá dìde, lẹ́tà lè bọ́, ojú á sì ti màmá mi láàárín ẹgbẹ́.

“Ṣé kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí i?” Pásítọ̀ béèrè, wọ́n sì ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kàn mí, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi! Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n ṣáná sí i. Àwọn sídíì náà ká kò, wọ́n ń yọ́, òórùn Ṣàngó sì gba gbogbo ọgbà. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sá fún ọkùnrin náà. Bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, màá ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá mi nídìí kànga, mo sì jẹ́wọ́. Ó rọra gbé kẹ̀tẹ̀ omi rẹ̀ sílẹ̀. Ì bá tiẹ̀ gbá mi létí, ara ì bá tù mí.

“Ṣé o gbọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó sun ún?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Kọ ọ́ kí n gbọ́.”

Mo kọ orin kẹta fún un títí tó fi parí. Àwọn márùn-ún yòókù, mi ò rántí wọn, òun náà ò sì béèrè. Ó ní, “O ṣé,” ó gbé omi rẹ̀, ó lọ. Kí ọdún tó parí ó ti kó kúrò, mi ò sì gbọ́ pé ó kọrin mọ́.

Mo rí lẹ́tà gbà, mo sì wọ yunifásítì. Màmá mi jó lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń to orin ọdún o, ṣùgbọ́n láti ipò kejì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé, màá ní mo ṣì ń wá èyí tó tó ipò kìn-ín-ní. Irọ́ ni. Mo rò nígbà yẹn pé ara mi ni mò ń fi ìbẹ̀rù ṣọ́, àṣé ohun olóhun ni mo fi san owó rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń dáná, mò ń kọ orin kẹta náà jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ mi obìnrin yọjú, ó ní, “Mọ́mì, orin yìí dùn o! Ta ló kọ ọ́? Níbo ni mo ti lè rí i?” Ẹ̀rù bà mí bíi ti Sátidé tí wọ́n dáná sun àwọn sídíì gẹ́lẹ́. Mo pa iná ìdáná, mo fà á jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọkùnrin náà fún un.