Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Mo Ṣì Í

"Irọ́ ni! Àǹtí tíṣà, irọ́ ni, ẹ pa á rẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì yẹn!"

"Ẹ̀yin ẹ jókòó jàre, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i!"

Àgbàlagbà mẹ́wàá ló dìde sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń pariwo lé mi lórí pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, èmi sì dúró lójú fèrèsé, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Inú mi dùn gan-an. Mo fẹ́ kí wọ́n tún pariwo sí i. Mo fẹ́ kí gbogbo Mùṣin gbọ́ pé mo ṣì í!

Ẹ jẹ́ n mí ná. Ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Sẹ́kọ́ńdírì nìkan ni mo kà tán, àmọ́ mátíìsì mi dáa. Ìdí nìyẹn tí tíṣà mi àtijọ́, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì, fi ní kí n wá máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mátíìsì nínú yàrá òkè kan tó gbà ní Ìdí-Òró. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó ń kírun bá ti kí Àsárì tán. Gbogbo wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Bọ̀dá kan ń ṣe rẹwáyà, iná mọ́tò ló ń tún ṣe. Àǹtí kan ń dirun ní Ìwáyà. Ìyá kan sì wà tó ń ta aṣọ kọ́tìnì ní Tejuoso, òun ló dàgbà jù nínú wọn. Ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe, èyí tí wọn ò rí ṣe nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣe é.

Wọn kì í pẹ́ dé. Wọn kì í jà. Àmọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀ ni. Tí mo bá ní, "Ṣó yé yín?" gbogbo wọn á dáhùn pé, "Ó yé wa, Àǹtí." Tí mo bá ní kí ẹnì kan wá ṣe é lójú pátákó, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan sínú báàgì. Tí mo bá gba ìwé wọn wò, òfo. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó la ẹnu pé "kò yé mi" rí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, tíṣà mi àtijọ́ yẹn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ó fọwọ́ pè mí jáde sórí àtẹ̀gùn.

"Ṣé kíláàsì nìyí, àbí ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà?"

"Wọ́n ń gbọ́ ọ mà."

"Wọ́n ń gbọ́ kí ni? Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí. Tí wọ́n bá ṣì ń wò ẹ́ bíi tẹlifíṣọ̀n, mo ti ti kíláàsì yìí pa nìyẹn. Àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ń wá yàrá."

Bí mo ṣe wọlé padà, àyà mi ń já, inú sì ń bí mi. Mo wá ṣe nǹkan tí kò yẹ kí n ṣe. Mo nawọ́ sí ìyá oníkọ́tìnì. "Mọ́mì, ẹ bọ́ síbí, ẹ wá ṣe é." Ó wá. Ó kọ ọ́. Kò gbà á. Níṣojú gbogbo wọn ni mo bá ní, "Rárá! Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí!"

Ó rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, rẹwáyà nìkan ló wá. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Àǹtí, àgbà lẹ dójú tì yẹn o." Ó yí padà. Mo jókòó pẹ̀lú àga mọ́kànlá, mo ń ka ọjọ́: ó ku ọjọ́ méjì.

Mi ò lè jẹun. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, mo gba Tejuoso lọ. Kí n tó kí i rárá ni mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn aṣọ tó ká jọ. Kò wò mí. Ó wọn aṣọ fún oníbàárà títí, ó gé e, ó dì í, ó kí ìyẹn pé ó dàbọ̀. Ó wá ní, "Dìde, wàá dọ̀tí." Ní kíláàsì, "ẹ" ló máa ń pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí ní "o", ara mi sì balẹ̀ díẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ẹ kì í bi mí ní nǹkan kan."

"Ta ní ń bi ọ̀gá ní nǹkan?" Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ kọ́tìnì rírán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ojú ni mo fi kọ́ ọ. Tó o bá sọ pé kò yé ẹ, ó já sí pé ọ̀gá ò mọ̀ ọ́n kọ́ nìyẹn. Ṣé o fẹ́ ká máa bú ẹ ní gbangba ni?"

Àṣé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni! Oṣù mẹ́ta tí mo ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ nínú ọkàn mi, ọmọ iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ń ṣe fún mi.

"Báwo wá ni ọ̀gá yín ṣe ń mọ̀ pé ó ti yé yín, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kì í béèrè. Á mọ̀ọ́mọ̀ gé aṣọ kan ní wíwọ́, á fi sórí tábìlì, á jáde lọ. Ẹni tó bá rí i tó tún un ṣe, ó ti ń mọṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rán an bẹ́ẹ̀, ẹkún ló máa fi sùn."

"Mọ́mì, ṣé ẹ máa wá lọ́la?"

"Mi ò tíì mọ̀. Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí aṣọ mi."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mẹ́wàá nínú wọn wọlé, wọ́n ti gbọ́ pé mo lọ kúnlẹ̀ ní Tejuoso. Tíṣà mi àtijọ́ ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti báírò. Aago márùn-ún ti kọjá kí ìyá oníkọ́tìnì tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó, kò wojú mi.

Mo kọ ọ́ sójú pátákó: fèrèsé márùn-ún, kọ́tìnì kọ̀ọ̀kan gùn tó íǹṣì 90, yáàdì mélòó la máa rà? Mo ṣe é lójú wọn. Márùn-ún lọ́nà 90, mo kọ 420. Mo fi 30 pín in, mo kọ yáàdì 14. Ibi méjì ni mo ti mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Mi ò sì sọ fún tíṣà mi tó wà lẹ́yìn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, tíṣà tí kò lè ṣe ìlọ́po ló máa rí, èmi àti kíláàsì á jọ lọ ni.

Mi ò béèrè bóyá ó yé wọn. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì, mo lọ dúró lójú fèrèsé, mo kẹ̀yìn sí wọn bí ọ̀gá tó jáde lọ.

Fáànù ń ké. Mo gbọ́ báírò tíṣà mi àtijọ́ tó ń kọ nǹkan. Mo fi ojú kan wẹ̀yìn, mo rí àǹtí onídìrí tó ń da gbogbo ẹ̀ kọ sínú ìwé ẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀! Mo gbọ́ tí ìwé pa dé lẹ́yìn. Mo gbọ́ tí àga fà nílẹ̀. Tíṣà mi àtijọ́ ń dìde.

Rẹwáyà wúkọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rí yín fín."

"Ẹ sọ ọ́."

"Tí mo bá ka wáyà báyìí, mọ́tò oníbàárà á gbiná. 450 ni, kì í ṣe 420."

Àǹtí onídìrí dá ìwé tó ń kọ dúró. "Ìyẹn nìkan lẹ rí? Ta ló ń ta yáàdì tó jẹ́ íǹṣì 30? Ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fún mi kí n má ṣèèṣì yà síbẹ̀! 36 ni!"

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bú. Irọ́ ni, ẹ pa á rẹ́, ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì! Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn. 450, wọ́n fi 36 pín in, yáàdì méjìlá àti ààbọ̀. Mo ti fẹ́ pàtẹ́wọ́ nígbà tí ìyá oníkọ́tìnì dìde.

"Ẹ tún dúró ná."

Ó rìn wá síbi tí mo ti dójú tì í, ó mú ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ lọ fi méjìlá àti ààbọ̀ yín rán kọ́tìnì, ẹ máa rí ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú ilé. Níbo lẹ ti fẹ́ ṣẹ́ etí ẹ̀? Íǹṣì mẹ́ta lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀." Ó kọ 99. Ó ṣe é lọ́nà márùn-ún, 495. Ó pín in díẹ̀díẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì, kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mẹ́tàlá àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

"Háà!" Rẹwáyà lu tábìlì. "Àbí ẹ ò rí i, 14 tí Àǹtí kọ tẹ́lẹ̀ ló tún sún mọ́ ọn jù!"

Ẹ̀rín pa wá. Ìyá oníkọ́tìnì náà rẹ́rìn-ín, ó wá wojú mi.

Lórí àtẹ̀gùn, tíṣà mi àtijọ́ di apá mi mú. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni?"

"Méjì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì mà. Ti etí kọ́tìnì yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́."

Ó ní, "Àwọn oníkọ̀ǹpútà á wá yàrá míì."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Fúráìdè, mo ti dé Tejuoso kí ìyá náà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a gbé aṣọ síta. Mo fa àpótí kékeré tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ máa ń jókòó lé, mo jókòó, mo ṣí ìwé mi.

"Ọ̀gá mi, ẹ káàárọ̀ mà. Etí kọ́tìnì yẹn, kò yé mi."