Ọjọ́ tí Tíṣà Wa Pẹ́ Dé

Ọjọ́ tí wọ́n fi Misis Àjàyí, tíṣà ìṣirò wa ní Múṣin, ṣe olùkọ́ tó dáńtọ́ jù lọ kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni mo wà, tí mò ń di bisikíìtì sí páálí. Àìsàn màmá mi ló jẹ́ kí n fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n lè wá owó oògùn. Àfi bí mo ṣe rí Misis Àjàyí lẹ́nu géètì.

"Ìdòwú, gbé báàgì ẹ. Ẹ̀gbọ́n màmá ẹ ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọ́jú wọn."

"Ma, ṣebí òní làwọn tó fẹ́ wo iṣẹ́ yín fún àmì-ẹ̀yẹ olùkọ́ ń bọ̀?"

"Wọ́n á dúró."

Nígbà tí a sáré wọ kíláàsì, àlejò mẹ́ta ti jókòó sẹ́yìn. Àmọ́ Sàídì, ọmọ kíláàsì wa, ń ṣàlàyé ìṣirò lójú pátákó, gbogbo kíláàsì sì ń nawọ́ láti dáhùn.

Ìyá kan nínú àwọn àlejò bi Sàídì pé, "Ta ló ní kó o máa kọ́ wọn?"

"Òfin tíṣà wa ni, ma. Ẹni tó bá yé gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni tí kò yé."

Ìyá náà yíjú sí Misis Àjàyí. "Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ọmọ mi kan ló kù níta. Mo lọ mú un wá."

Lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n pe orúkọ tíṣà wa ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, a hó yèè! A gbé wọn sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé kíláàsì.